Òkè Ìgbẹ̀ìn, Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn: Odò Kékeré àti Ẹkùn Rẹ̀ nínú Ìtàn Abẹ́òkúta

Ohun méjì ni àwọn òpìtàn sábà máa ń gbé síwájú bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Abẹ́òkúta. Èkíní ni Òkúta Olúmọ, tí ìlú náà ti rí orúkọ, tí ó sì ṣe ààbò fún àwọn tí ogun lé débẹ̀. Èkejì ni Odò Ògùn, tí ó jẹ́ ọ̀nà ọjà láti Èkó wá sí Aro, tí ó sì jẹ́ odi àdáyébá níhà ìwọ̀-oòrùn. Kò sí irọ́ nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n láàárín òkúta àti odò ńlá náà ni àwọn ìṣàn omi kéékèèké wà, tí ọkọ̀ kò lè gbà, tí a kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn kankan láàárín Ẹ̀gbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Omi wọn ni a ń pọn mu, tí a fi ń pa aró, tí a fi ń fọ ẹ̀kọ, tí a fi ń fún epo. Àwọn náà ni ó ń ru lójijì nígbà òjò, tí ó ń wọ ilé onílé. Ìtàn ìlú tí a kọ láìka irú odò bẹ́ẹ̀ sí yóò máa ṣàlàyé ogun àti oyè dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ìdí tí àdúgbò kan fi ń rì tí èkejì kò sì rì.

Ìgbẹ̀ìn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ọ̀kan lára àwọn ìlú Ẹ̀gbá Aláké ni Ìgbẹ̀ìn, tí àwọn ìwé ọ̀rúndún 19 mìíràn kọ ní Igbehin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà, ẹni tí ó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ìnira àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, mọ́ Ìgbẹ̀ìn pẹ̀lú. Lónìí, ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Abẹ́òkúta yóò gbọ́ Òkè Ìgbẹ̀ìn, yóò sì gbọ́ Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn. Ọ̀nà kan náà ni a gbà sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn lórúkọ nínú ìlú náà: Òkè Ìléwó wà, Òkè Mósàn wà, Ìsàlẹ̀ Àké náà wà. Àwọn kan máa ń rò pé ipò ọlá ni òkè àti ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí, bí ẹni pé ará òkè ju ará ìsàlẹ̀ lọ. Ó sàn kí a kọ́kọ́ ka orúkọ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà: wọ́n ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tí ó rẹlẹ̀ sí. Ibi tí ilẹ̀ bá sì rẹlẹ̀ sí ni omi ń lọ. Nígbà tí àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó pín orúkọ kan ṣoṣo sí méjì báyìí, wọ́n ti fi ẹnu ya àwòrán ilẹ̀ kí ayàwòrán ilẹ̀ kankan tó débẹ̀.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún omi. Omi tí ó ń sun jáde lábẹ́ àpáta ni ṣẹ́lẹ̀rú. Ibi tí odò ti bẹ̀rẹ̀ ni orísun. Omi òjò tí ó ń sáré lórí ilẹ̀ kí ó tó bọ́ sódò ni àgbàrá. Ilẹ̀ etí odò tí ó ń mú ọ̀rinrin dúró títí ẹ̀ẹ̀rùn fi wọlé, tí a sì ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ, ni àkúrò. Adágún, àbàtà àti irà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní àyè tirẹ̀, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Ohun tí ó ṣòro láti rí ni ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sínú odò kan náà, láti orí òkè tí ó pín in níyà sí odò kejì títí dé ibi tí odò náà ti wọ odò ńlá. Ẹkùn odò ni àpilẹ̀kọ yìí pè é. Kì í ṣe etí odò nìkan ni ẹkùn odò. Ẹni tí ó kọ́lé sórí òkè, tí kò fojú rí odò rí láti ojú fèrèsé rẹ̀, wà nínú ẹkùn odò náà bí ẹni tí omi ń kan ògiri rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Orí akọ òkúta àtayébáyé ni ìlú náà jókòó lé. Níbi púpọ̀, òkúta náà yọrí síta bí Olúmọ, tí a sábà máa ń kọ gíga rẹ̀ sí mítà 137 láti ojú òkun. Níbi mìíràn, ilẹ̀ tí kò nípọn púpọ̀ ni ó bò ó lórí. Omi kì í rọra wọ inú akọ òkúta. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ fẹ́lẹ́ orí rẹ̀ yóò gba ìwọ̀n tí ó lè gbà, ìyókù yóò sì ya lọ sí ìsàlẹ̀. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí mìlímítà 1,200. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí ó tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà ìwà méjì ni odò kékeré ibẹ̀ ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a lè fi ẹsẹ̀ fò ó kọjá, àwọn mìíràn a sì gbẹ di ìwọ̀nba omi tí ó dúró sínú ihò òkúta. Nígbà òjò, wákàtí kan péré tó láti sọ ọ́ di ohun tí àgbà ọkùnrin kò lè dúró nínú rẹ̀. Odò ńlá máa ń kìlọ̀, nítorí pé omi rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Nǹkan bí kìlómítà 480 ni Odò Ògùn ń rìn láti agbègbè Ṣakí kí ó tó dé ọ̀sà Èkó. Odò kékeré kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn Ẹ̀gbá ti mọ odò kéékèèké kí wọ́n tó mọ Abẹ́òkúta. Nínú Igbó Ẹ̀gbá, níbi tí wọ́n gbé kí ogun tó tú wọn ká ní àwọn ọdún 1820, àwọn ìlú wọn kéré, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Odò wà nínú orúkọ tí apá kan lára wọn ń jẹ́ títí di òní: Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni àwọn tí ó gbé lẹ́bàá Odò Ọnà, odò kan náà tí ó ń gba Ìbàdàn kọjá. Ìlú wọn tú, wọ́n ṣí kúrò, wọ́n tẹ̀ dó síbi tí kò sí Odò Ọnà mọ́, síbẹ̀ orúkọ odò náà bá wọn lọ. Pierre Verger ṣàkọsílẹ̀ ohun kan tí ó jọ èyí nípa Yemọja. Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, agbègbè tí ó wà láàárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, níbi tí odò kan tí ń jẹ́ Yemọja wà, ni àwọn Ẹ̀gbá ti ń bọ òrìṣà náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun lé wọn, wọn kò lè gbé odò, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwọn ohun èlò òrìṣà náà lọ́wọ́, Odò Ògùn sì di ibùgbé tuntun fún Yemọja. Ní Ìbarà, nínú Abẹ́òkúta, ni ojúbọ rẹ̀ tí ó lókìkí wà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn sábà máa ń fi èyí ṣàlàyé bí òrìṣà ṣe ń ṣí nípò. Ó yẹ kí onímọ̀ nípa ilẹ̀ náà rí nǹkan mú níbẹ̀: àwọn ènìyàn yìí kò ka ìlú sí ìlú bí kò bá ní odò tí a lè dárúkọ, tí a sì lè bọ.

Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ Olúmọ láti Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n dé kì í ṣe aginjù tí kò lólúwa. Ìbarà wà nítòsí, oko sì ni ilẹ̀ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí Oko Àdágbà fi di ọ̀kan lára orúkọ tí a ń pe Abẹ́òkúta, ní ìrántí àgbẹ̀ tí a sọ pé wọ́n bá níbẹ̀. Orúkọ oko yìí ṣe pàtàkì. Odò tí ó wá di odò àárín ìgboro lónìí, odò oko ni nígbà náà. Ìgbó wà létí rẹ̀, àkúrò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, koríko àti gbòǹgbò igi sì ń dá àgbàrá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ó tó dé inú rẹ̀.

Ìlú tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni ó kóra jọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ láti Igbó Ẹ̀gbá, pẹ̀lú àwọn Ògbóni rẹ̀ àti àwọn Olórógun rẹ̀. Biobaku, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn tí ó jáde ní 1957, ṣàlàyé ìṣòro ìṣèlú tí èyí dá sílẹ̀: ìlú púpọ̀ nínú odi kan, olórí púpọ̀, agbára tí kò sí lójú kan. Àlàyé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ku ẹsẹ̀ kan. Kí ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ìlú púpọ̀ bẹ́ẹ̀ láti wà nítòsí ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀? Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ìrísí ilẹ̀. Ibi tí ó kún fún àpáta àti òkè kò jẹ́ kí ènìyàn kọ́lé lọ gbọọrọ bí ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Èjìká òkè kan gba agbo ilé díẹ̀, àfonífojì kékeré sì tẹ̀ lé e kí èjìká òkè mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni odò àti ìṣàn omi ti jẹ́ ààlà, bí pèrègún àti akòko ti jẹ́. Níbi tí àfonífojì ti pọ̀ bí ti Abẹ́òkúta, ilẹ̀ ti fúnra rẹ̀ pín àdúgbò kí ìjòyè tó dá sí i.

Ọ̀nà tí ìlú kan gbà jókòó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Òkè Ìgbẹ̀ìn àti Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn ń ṣàpèjúwe. Ó bọ́gbọ́n mu pé kí ilé wà lókè, níbi tí ó gbẹ, tí a sì lè ríran jìnnà, kí omi sì wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó so òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìkòkò àti akèrègbè lórí: ìrọ̀rùn ni sísọ̀kalẹ̀, ìnira ni gígùn. Ìtàn kò sábà ka irú iṣẹ́ yìí sí iṣẹ́, nítorí pé kò sí owó orí tí a san lórí rẹ̀, kò sì sí ìjòyè tí ó ṣe é.

Ìgbẹ̀ìn yìí náà ni Samuel Àjàyí Crowther gbé, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ìjọ àti ti ìtumọ̀ èdè, nígbà tí òun àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846. Àkókò òjò ni wọ́n dé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí ogun ti yà wọ́n nípa láti Òṣogùn ní nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah. Ìtàn yìí gbajúmọ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí mọ́ ọn ni pé àárín Ìgbẹ̀ìn, níbi tí ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ odò ti ń ta sí i létí láràárọ̀, ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ Yorùbá di èdè ìwé ti lo apá kan nínú ọdún rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Àtúnṣe ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣèwádìí nípa ọ̀rọ̀ omi nínú èdè Ẹ̀gbá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó sì fi wé ohun tí àwọn àgbà Ìgbẹ̀ìn ń sọ lónìí.

Bí a bá mọ ìwà odò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó tún ka ìtàn ogun Dahomey lọ́nà mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun náà dé ẹnu odi Abẹ́òkúta: ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851 lábẹ́ Gezo, àti ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864 lábẹ́ Glele. Oṣù kẹta ni méjèèjì. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa akíkanjú Ẹ̀gbá, nípa ìbọn, àti nípa àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey. Kàlẹ́ńdà nìkan ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wò. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù kẹta jẹ́, nígbà tí Odò Ògùn bá fà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ ogun lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá. Nígbà náà gan-an ni àwọn odò kéékèèké inú ìlú náà máa ń fà jù. Odò tí a fi ṣe odi kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ odi mọ́, omi tí a ń mu nínú odi sì ti dínkù. Ìṣẹ́gun Ẹ̀gbá ní Aro tóbi sí i bí a bá fi èyí kún un, nítorí pé wọ́n jà ní àkókò tí ilẹ̀ wọn kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

Lẹ́yìn odi ni oko wà. Mabogunje àti Gleave, nínú iṣẹ́ wọn tí ó jáde ní 1964 lórí ìyípadà tí ó dé bá ilẹ̀ oko ní Ẹ̀gbá láàárín 1850 àti 1950, fi hàn pé a kò lè ya ìtàn ìlú Abẹ́òkúta nípa sí ìtàn abúlé rẹ̀. Ẹ̀gbá kan náà ní ilé nígboro, ó sì ní oko ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá tàbí Ọbáfẹ́mi. Òwú, ọ̀pẹ, obì àti kòkó gba ipò lọ́wọ́ ara wọn bí ọjà àgbáyé ṣe ń yí padà. Ní gbogbo ìgbà yìí, àkúrò kò yí ipò padà. Ẹ̀fọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ti etí odò wá, epo ń di fífún létí odò, nítorí pé omi tí ètò epo ń gbà kì í ṣe kékeré. Àgbẹ̀ tí ó bá da ìdọ̀tí sódò yóò gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ará abúlé tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní abúlé, àwọn tí ó wà nínú ẹkùn odò kan mọ ara wọn lójú.

Nígboro, ìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni iṣẹ́ àdìrẹ, tí Ìtòkú lókìkí fún. Ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn aláró ń lò látijọ́, omi púpọ̀ sì ni iṣẹ́ náà ń gbà. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà líle dé ọjà, iṣẹ́ yá sí i, ọjà sì gbòòrò. Ní 1936, nígbà tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de àwọn èròjà wọ̀nyí, àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí. Judith Byfield ti sọ ìtàn ìjà yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2002. Ìjà náà dá lórí aṣọ, lórí bóyá ó ń tètè gbó tàbí ó ń ṣá, àti lórí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí òwò obìnrin. Kò dá lórí ibi tí omi aró ń lọ. Odò kò ní agbẹjọ́rò níwájú ìgbìmọ̀ náà, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ odò kò sì ní. Lóde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe ìwádìí lórí omi aró àti lórí odò Sókòrí, odò kékeré tí orúkọ rẹ̀ mọ́ jù nínú àwọn tí ó gba àárín Abẹ́òkúta kọjá lọ sínú Odò Ògùn.

Ohun mẹ́ta mìíràn yí ẹkùn odò padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ṣe nítorí odò. Ojú irin ni èkíní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó kọjá ní Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù kúrò lójú omi, Odò Ògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ipò rẹ̀ bí ọ̀nà. Omi ẹ̀rọ ni èkejì. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé ìgboro, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ohun tí ènìyàn ń mu, yóò máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá mu ún mọ́, ó lè kẹ̀yìn ilé sí i, ó sì lè da ilẹ̀ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, wolé-wolé ìgbà ìjọba òyìnbó ń yọjú wo inú ìkòkò omi nílé onílé bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó sì ń gba owó ìtanràn. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé odò.

Ẹ̀kẹta ni pàánù, òun sì ni a kì í sábà kà mọ́ ìtàn omi rárá. Òrùlé koríko àti ewé máa ń mu díẹ̀ nínú òjò, ó sì ń jẹ́ kí ìyókù máa kán tótó. Pàánù kì í mu nǹkan kan. Bí òjò ṣe ń kan án ni ó ń tú u sílẹ̀. Àǹfààní pàánù pọ̀, nítorí pé iná kì í jó o bí ó ti ń jó koríko, Abẹ́òkúta sì mọ ohun tí iná ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrùlé pàánù jọ sórí òkè kan, tí a fi sìmẹ́ńtì bo àgbàlá, tí a sì tún da ọ̀dà sí títì, a ti fi òkúta mìíràn kún akọ òkúta tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ó ń gba omi díẹ̀ ti di bíbò. Òjò kò pọ̀ sí i, ibi tí òjò lè wọ̀ ni ó dínkù.

Ní 1976 ni ọ̀rọ̀ ẹkùn Odò Ògùn wọ òfin. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún náà ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí a sọ ọ́ lórúkọ odò, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọdún kan náà ni àjọ tí ń mójú tó ẹkùn Odò Ògùn àti Odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Èrò tí ó wà nídìí irú àjọ bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀: kí a má fi ààlà ìpínlẹ̀ ṣètò omi, kí a fi ààlà tí omi fúnra rẹ̀ pa ṣètò rẹ̀. Ìdídò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, ni èso ńlá rẹ̀ nítòsí Abẹ́òkúta. Adágún rẹ̀ lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhàmẹ́rin-lọ́nà-mẹ́ta, fún ìlò Èkó àti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n odò ńlá ni irú àjọ yìí fi ń ronú. Odò kékeré tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ òwúrọ̀ kan lọ láti orísun dé ìparí kéré lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tóbi ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ. Gọ́tà ni ẹ̀ka iṣẹ́ kan ń pè é, ìdọ̀tí ni ẹ̀ka mìíràn ń rí nínú rẹ̀, afárá ni ẹ̀kẹta ń kọ́ lé e. Kò sí èyí tí ó ka òkè mọ́ ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù keje 2018, òjò ńlá rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Omi ya wọ àwọn àdúgbò tí ó rẹlẹ̀, títí kan agbègbè Ìjẹun Titun, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kì í ṣe Odò Ògùn ni ó kún kọjá etí rẹ̀ lọ bá wọn níbi púpọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí. Omi tí ó rọ̀ sórí òkè ìlú ní ọjọ́ náà gan-an ni ó sọ̀kalẹ̀ tọ̀ wọ́n wá. Nínú ìròyìn àti nínú ìjíròrò tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀bi méjì ni a sábà gbọ́: àwọn tí ń da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá, àti àwọn tí kọ́lé sí etí odò. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ará ìsàlẹ̀ ni ẹ̀bi méjèèjì bọ́ lé lórí.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. A sábà máa ń pa òwe yìí láti ki onílé láyà. Ẹni tí ó bá tún un gbọ́ ní Abẹ́òkúta yóò ṣàkíyèsí pé ènìyàn méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀: àgbàrá àti onílé. Ẹnì kẹta kò sí níbẹ̀, ìyẹn aládùúgbò tí ó wà lókè, tí ó da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá rẹ̀, tí ó sì kọjú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ pàánù rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí a pa òwe náà, bóyá ẹnì kẹta yìí kò tíì ní agbára tí ó fi lè ṣe ìpalára púpọ̀. Ilé rẹ̀ jẹ́ ilé koríko, àgbàlá rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ lásán, ìgbẹ́ sì wà láàárín òun àti ará ìsàlẹ̀. Ó ti ní agbára náà báyìí, kò sì mọ̀, nítorí pé omi ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó di ìjàǹbá. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà nìkan. Ìgbẹ̀ìn yìí kan náà ni ilé tí gómìnà ìpínlẹ̀ ń gbé wà. Àgbàrá kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó ní òrùlé tí ó ti sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí kò gba owó púpọ̀. A lè kó orúkọ àwọn àdúgbò Abẹ́òkúta tí ó ní òkè, ìsàlẹ̀, odò, àbàtà tàbí ìdí igi nínú jọ, kí a fi wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ tí ó ń fi gíga hàn, kí a sì wo ibi tí orúkọ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bára mu. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ìtàn wà níbẹ̀ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: bóyá wọ́n kun ilẹ̀ ni, bóyá wọ́n darí odò gba ọ̀nà mìíràn, tàbí àwọn ènìyàn ṣí kúrò tí orúkọ sì bá wọn lọ, bí Odò Ọnà ti bá Òkè-Ọnà lọ. Àwọn obìnrin tí ó ti lé ní 70 ọdún, tí ó pọn omi rí kí omi ẹ̀rọ tó dé agbo ilé wọn, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn mọ ọ̀nà náà.

Píláànù ilẹ̀ tí a ń fún ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lónìí ń fi bíkìn mẹ́rin hàn, ó ń fi ọ̀nà tí ó wà níwájú hàn, ó sì ń fi ọfà kékeré tọ́ka sí àríwá. Níbi púpọ̀, kò fi hàn bóyá ilẹ̀ náà ga tàbí ó rẹlẹ̀, tàbí ilẹ̀ ta ni yóò máa tú omi sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó fẹ́ mọ èyí, kò tíì ní ohun mìíràn tí ó rọrùn láti lò ju orúkọ àdúgbò tí a kọ sí orí rísíìtì rẹ̀ lọ.